Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Padà Lọ sí Africatown

Ohun tí kò dùn ún gbọ́ ni a óò fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1927, ìwé àwọn onímọ̀ ìtàn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Journal of Negro History, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan. Ìtàn arúgbó kan ni ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, tí ó sì ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ó tó ọdún márùndínláàádọ́ta (45) kí ẹnikẹ́ni tó fura pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fúnra rẹ̀ kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rin (67) ni ó wà nínú àpilẹ̀kọ náà. Robert Hemenway, ẹni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin náà ní ọdún 1977, fi ara balẹ̀ kà wọ́n, ó sì rí i pé méjìdínlógún (18) péré ni ó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá. Inú ìwé tí obìnrin òyìnbó kan ní Mobile, Emma Langdon Roche, tẹ̀ jáde ní ọdún 1914 ni ó ti da ìyókù kọ, láìjẹ́ kí àwọn tí yóò kà á mọ̀.

Zora Neale Hurston ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí àwọn ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtàn àròsọ ni a ṣe dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí kí a lè fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí kò bá tíì jókòó rí ní ilé ìkàwé ní aago méjì òru, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì ni yóò fi iṣẹ́ lé olùkọ́ lọ́wọ́, olúwarẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín. A dárúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà: ó padà lọ. Ìlú tí ó padà lọ yìí, ìlú àwọn ará wa ni.

Láti ilé ni ìtàn ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1860, Glèlè ni ọba Dàhọ̀mì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, já wọ ìlú kan ní ìdájí, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì wà lórí ẹní. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì di àwọn ìyókù ní ìgbèkùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n kó, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ọdún mọ́kàndínlógún (19) lọ. Kossola ni orúkọ rẹ̀, Oluale sì ni orúkọ bàbá rẹ̀. Onímọ̀ ìtàn Sylviane Diouf, tí ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 2007, wádìí ibi tí ọmọkùnrin náà ti wá títí, ó sì tọ́ka sí agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè olómìnira Bẹ̀nẹ̀ òde òní, láàrin àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Ìshà. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti dé Ìdí-Ìrókò, a ó rò pé ilẹ̀ Yorùbá ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kétu wà lọ́hùn-ún, Ṣábẹ̀ẹ́ wà lọ́hùn-ún, Ìdáàṣà wà lọ́hùn-ún, àwọn Ìshà náà sì wà lọ́hùn-ún. Ará Ìbàdàn tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wọn yóò tẹ́ etí sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n yóò gbọ́ ọ.

Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Ouidah ní etí òkun, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ ọgbà ẹrú fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àkókò yìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1808 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ kan wà ní Mobile, Timothy Meaher, tí ó ní àwọn ọkọ̀ elééfín lórí odò. Ó ta tẹ́tẹ́ pé òun yóò kó ẹrú wọ ìlú náà níṣojú ìjọba, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi òun ṣe. Ó rán ọ̀gá ọkọ̀ kan, William Foster, pẹ̀lú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Clotilda. Ní oṣù keje ọdún 1860, ọkọ̀ náà padà dé pẹ̀lú ènìyàn bí àádọ́fà (110). Òru ni wọ́n fi wọ́n gòkè odò, inú eèsún ni wọ́n fi wọ́n pamọ́ sí, Foster sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ìjọba gbé ẹjọ́ dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kú sí kóòtù, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹ̀wọ̀n jura nítorí rẹ̀. Kí ẹ fi ọkọ̀ tí ó jóná yìí sọ́kàn, a óò padà dé ibẹ̀.

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe ẹrú. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1865, Kossola wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ọkọ̀ elééfín nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìhà àríwá, tí wọ́n ń ká èso igi jẹ létí odò, sọ fún òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ti di òmìnira, kí wọ́n máa lọ sí ibi tí ó bá wù wọ́n. Ilé ni ó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn ọkùnrin gba iṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, àwọn obìnrin gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń kiri rẹ̀ ní Mobile. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó náà, wọ́n rí i pé kò lè gbé wọn dé ilé láéláé. Wọ́n bá rán Kossola sí Meaher pé, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ òun ni ó mú wọn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn, kí ó bu ilẹ̀ díẹ̀ fún wọn. Inú bí Meaher, ó ní òun kò rí ẹni tí yóò gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n jẹun díẹ̀ kí owó lè kù, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1872, Kossola ra bí éékà méjì ní ọgọ́rùn-ún dọ́là.

Bí Africatown ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ọgbọ̀n ènìyàn nínú àwọn tí ó bá Clotilda wá ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni wọ́n. Nupe wà níbẹ̀, Haúsá wà níbẹ̀, Fọ̀n náà sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí, Gumpa ni wọ́n yàn. Ará Dàhọ̀mì sì ni Gumpa, ọmọ ìlú tí ọba rẹ̀ tà wọ́n. Kossola ṣàlàyé rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó pé àwọn kò bá a bínú, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó jó ìlú wọn, wọ́n sì ta òun náà bí wọ́n ti ta àwọn ìyókù. Àwa tí à ń bá ara wa jà ní ìpàdé nítorí ẹni tí yóò ṣe akápò ẹgbẹ́, ó yẹ kí a ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yan adájọ́ méjì tì í, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn ní ọdún 1872, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí Kossola àti Abile ìyàwó rẹ̀ bí, orúkọ méjì ni wọ́n fún un: ọ̀kan fún ìgboro Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún inú ilé.

Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, gbogbo wọn ni ó sì kú ṣáájú bàbá wọn. Ọkọ̀ ojú irin pa ọ̀kan, ìbọn ọlọ́pàá pa ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú irin gbá bàbá náà fúnra rẹ̀ ní ọdún 1902, ó sì pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Kóòtù Mobile dá a láre pé kí wọ́n san ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́ta (650) dọ́là fún un, ṣùgbọ́n kóòtù gíga ní Alabama yí ẹjọ́ náà padà, kò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1908. Láti ìgbà náà, òun ni ó ń gbá ilé ìjọsìn, tí ó sì ń lu aago rẹ̀.

Nígbà tí Emma Roche wá kọ ìtàn wọn, àwọn mélòó kan nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà wá ṣì wà láàyè. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ orúkọ wọn ti ilé sínú ìwé, kì í ṣe orúkọ òyìnbó, bóyá ìwé náà lè rìn títí kí ó dé ilẹ̀ wọn, kí ẹnìkan tí ó ṣì rántí wọn sì rí i. Ọdún 1914 ni ìwé náà jáde. Ìgbà tí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ yìí nínú iṣẹ́ Diouf, a pa ìwé dé, a kò lè tẹ̀ síwájú. Àwa gan-an ni wọ́n ń fi iṣẹ́ náà rán ìwé sí.

Ìlú tí Hurston dé ní ọdún 1927 nìyí. Barnard College ní New York ni ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ dúdú níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Franz Boas sì ni ó ń kọ́ ọ bí a ti í ṣe ìwádìí nípa àṣà àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ìtàn tí Carter Woodson dá sílẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn tí ń wádìí ìtàn àtẹnudẹ́nu, fún un ní egbèje (1,400) dọ́là pé kí ó lọ sí ìhà gúúsù fún oṣù mẹ́fà. Iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere. Ó fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìwé tí ó kọ nípa ara rẹ̀ ní ọdún 1942 pé ohùn Barnard ni òun fi ń bá àwọn ará oko sọ̀rọ̀, tí òun ń fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ àlọ́ kan tàbí òmíràn, tí wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ kan náà dá òun lóhùn pé àwọn kò mọ ọ̀kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí kò mọ àlọ́ nínú wọn. Ẹni tí ó ti fi ìwé ìbéèrè pélébé kan lé àgbàlagbà lọ́wọ́ rí, tí ó sọ fún un pé kí ó mú "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", olúwarẹ̀ mọ ohun tí à ń wí.

Ó lọ sọ́dọ̀ Kossola nínú ìrìn àjò yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ohun tí ó rí gbà. Àkókò ìròyìn sì ti tó. Ìwé Roche wà nílẹ̀, ó kún fún ohun tí bàbá náà ti sọ ní ìgbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Àwọn kan tí wọ́n fẹ́ràn Hurston ti wá àwáwí oríṣiríṣi fún un. Lójú tiwa, kò sí àwáwí tí ó bo ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èyí tí a sì kà sí pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, nípa dídá ìwé ẹlòmíràn kọ, ó sọ bàbá náà di ẹni tí kò ní ohunkóhun sọ mọ́. Ọdún 1914 ni ohùn rẹ̀ dúró sí nínú àpilẹ̀kọ náà, bí ẹni pé ó ti kú.

Ní òpin ọdún 1927, ó tún rí ẹlòmíràn tí yóò gbé bùkátà rẹ̀: olówó obìnrin òyìnbó kan ní New York, Charlotte Osgood Mason, tí ó ń fún un ní igba (200) dọ́là lóṣù. Ìwé àdéhùn wọn sọ ọ́ kedere pé gbogbo ohun tí Hurston bá kó jọ, ti Mason ni. Ẹ̀yin tí àjọ kan tàbí òmíràn ń san owó ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ tún ìwé àdéhùn tiyín kà. Ṣùgbọ́n owó náà ni Hurston fi padà lọ sí Alabama, kì í ṣe fún ọjọ́ kan tàbí méjì mọ́. Bí oṣù mẹ́ta ni ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ilé bàbá náà.

Bí ó ṣe wọlé sí i ni a fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì pè é ní Kossola, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́ láti ìgbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ ti kú tán. Cudjo Lewis ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí. Omi bọ́ lójú bàbá náà. Lẹ́yìn èyí, Hurston kò fi ọwọ́ òfo lọ rí. Ó gbé èso peach láti Georgia lọ, ó gbé itan ẹlẹ́dẹ̀ lọ, ó gbé bàrà olómi tí ó tutù lọ, ó sì gbé oògùn ẹ̀fọn lọ, nítorí ẹ̀fọn kún ibẹ̀. Wọ́n jọ gé bàrà náà sí méjì, wọ́n jọ jẹ ẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ ìtàn kankan. Ó bá a gbá ilé ìjọsìn. Ó fi ọkọ̀ gbé e lọ ra irúgbìn. Ní ọjọ́ mìíràn, bàbá náà yóò ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, òun ní iṣẹ́ nínú ọgbà. Hurston yóò sì padà sílé. Ó kọ gbogbo èyí sílẹ̀, títí kan àwọn ọjọ́ tí kò rí nǹkankan gbà. Nínú ìwé kejì yìí, a rí bàbá náà tí ó ń dákẹ́, tí ó ń sunkún, tí ó ń lé àlejò padà. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí àpilẹ̀kọ ọdún 1927 nìyẹn, ó sì ju pé ó dẹ́kun jíjí ìwé lọ.

Nígbà tí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe, inú bàbá náà dùn. Ohun kan náà tí wọ́n sọ fún Roche ni ó tún sọ fún un: pé òun ń fẹ́ kí ẹnìkan gbé ìtàn òun dé Áfíríkà, bóyá ẹnìkan lè wà lọ́hùn-ún tí yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ tí Hurston fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó wọlé lọ múra. Ó wọ kóòtù rẹ̀ tí ó dára jù, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ní Áfíríkà ni òun wà, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ wà. Ó sì ní kí wọ́n ya òun láàrin ibojì ìyàwó àti àwọn ọmọ òun.

Hurston parí ìwé náà ní ọdún 1931, ó sì fi Barracoon sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ọgbà tí wọ́n ń ti ẹrú mọ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní òun yóò gbà á bí ó bá yí ọ̀rọ̀ bàbá náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì gidi. Nítorí Hurston kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ẹni tí ó ti di géńdé kí ó tó kọ́ ọ, tí ahọ́n rẹ̀ ṣì ń rántí èdè mìíràn. Ó kọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀kọ̀ sí i lọ́rùn láti kọ̀. Owó ń wọ́n ọn, òkìkí sì ń wù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ Roche sí ẹnu bàbá náà ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, kò gbà mọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọ̀rọ̀ mìíràn sí i lẹ́nu. Ìwé náà wọ inú àpótí. Bàbá náà kú ní ọdún 1935, Hurston kú ní ọdún 1960 nínú ìṣẹ́, wọ́n sì sin ín láìsí òkúta lórí ibojì rẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde, ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún (87) lẹ́yìn tí ó parí rẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé Hurston kò tún ṣe àṣìṣe mọ́. Ní ọdún 1928, ó kọ lẹ́tà sí Langston Hughes ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ti rí obìnrin kan nínú àwọn tí ó bá ọkọ̀ náà wá, tí ó dàgbà ju Kossola lọ, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ jù ú lọ, ṣùgbọ́n pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ. Gbogbo ayé ń pe Kossola ní ẹni ìkẹyìn títí di ọdún 2019, nígbà tí onímọ̀ ìtàn Hannah Durkin kọ̀wé pé ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà jẹ́ Redoshi, tí ó wà láàyè títí di ọdún 1937. Ní ọdún 2020, ó tún tọ́ka sí Matilda McCrear, tí ó kú ní ọdún 1940. Bí ìlú yìí ti jẹ́ ìlú tí a gbójú fò, àwọn obìnrin inú ìtàn rẹ̀ tún jẹ́ àwọn tí a gbójú fò lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú náà ní gbogbo àkókò tí ìwé wà nínú àpótí? Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ bébà ńláńlá yí i ká láti nǹkan bí ìgbà tí Hurston wà níbẹ̀. Iṣẹ́ dé, owó dé, eérú náà sì dé, ó ń bà lé orí aṣọ tí àwọn obìnrin sá sórí okùn. Èyí tí ó tóbi jù kógbá sílé ní ọdún 2000, iṣẹ́ lọ, ìdọ̀tí kù. Wọ́n la títì ńlá gba àárín ìlú kọjá, afárá tuntun sì dé ní ọdún 1991. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kó lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Alabama a sì máa sọ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà: níbo ni ọkọ̀ náà wà? Àwọn ará ìlú náà kò fi ẹnu mọ́ ọn. Wọ́n gbé ère orí Kossola síwájú ilé ìjọsìn ní ọdún 1959, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn.

Ní ọdún 2010, àwọn awalẹ̀pìtàn láti College of William and Mary wú ilẹ̀ ní ibi tí ilé Kossola, ti Gumpa àti ti Charlie Lewis ti wà rí. Ní ọdún 2012, ìjọba Amẹ́ríkà kọ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtàn ní Alabama kéde pé a ti rí Clotilda nísàlẹ̀ odò Mobile, pẹ̀lú àmì iná lára rẹ̀. Ohun tí Foster sun kí ẹ̀rí má baà sí, omi pa á mọ́. Nínú sinimá kan tí ó jáde ní ọdún 2022, tí wọ́n pè ní Descendant, a rí àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó tí wọ́n di Barracoon mú, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ bàbá náà sókè bí ó ti sọ ọ́. Bí Hurston bá ti gbà fún ilé ìtẹ̀wé ní ọdún 1931, ohùn ẹlòmíràn ni wọn ì bá máa kà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sì ṣí ilẹ̀kùn ní Africatown ní oṣù keje ọdún 2023.

Ó ku iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ní Alabama kò lè ṣe fún wọn. Aleck ni ìgboro mọ àkọ́bí Kossola sí. Ní inú ilé, ohun tí Hurston gbọ́ ni ó kọ sílẹ̀ bí Yah-Jimmy. Diouf, tí ó mọ ibi tí bàbá náà ti wá, kọ ọ́ ní Iyadjemi. Ìyàjẹmí! Ọmọ Yorùbá wo ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún? Ọkùnrin tí wọ́n mú lórí ẹní, tí wọ́n tà, tí ó ṣe ẹrú, gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ dání, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí di orúkọ. Hurston gbọ́ ọ, ó kọ ọ́, kò sì mọ ohun tí ó mú dání, nítorí kò gbọ́ èdè wa.

Àwọn orúkọ ìyókù wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí etí Hurston ti gbà wọ́n: Ah-no-no-toe, Ah-tenny-ah, Fish-ee-ton, àti Ebeossee, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. A kà wọ́n sókè ní ìpàdé wa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ẹnìkan ní "Fi ṣe ìtàn" ni Fish-ee-ton, àwọn ìyókù rín in ní ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mú èyí tí ó sàn jù ú lọ wá. Ará Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Ìjẹ̀bú ni ó pọ̀ nínú wa, ọ̀rọ̀ náà sì ju etí tiwa lọ. Nítorí náà, a bẹ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ará, àna tàbí ọ̀rẹ́ ní Bantè, Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu tàbí Ìdáàṣà pé kí ó ka àwọn orúkọ wọ̀nyí sí wọn létí, ní pàtàkì àwọn àgbàlagbà, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí olóòtú. Kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́ gan-an, kí ó sì kọ orúkọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ. A óò kó gbogbo rẹ̀ jọ, a óò sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará Africatown.